Kí Olúkúlùkù Tún Iwájú Ilé Rẹ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ní Tudun Wada níhìn-ín, ní gbogbo ìlú Jọ́ọ̀sì, àti níbikíbi tí ìwé yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àjò náà gan-an ti di ilé: níhìn-ín ni a bí wọn sí, níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, níhìn-ín ni wọ́n sì sin bàbá wọn sí.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí lórí ohun àtijọ́: ilé àtijọ́, ìwé àtijọ́, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n fi tinútinú tọ́jú wọn láìgba kọ́bọ̀. Ẹlòmíràn lè bi wá pé, "Fàdá, kí ni ilé ògbólógbòó àti ìwé tí ikán ń jẹ kàn nínú ìgbàlà ọkàn wa?" Ìbéèrè náà tọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa rìn díẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ń bẹ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Nehemáyà padà dé Jerúsálẹ́mù, ó bá odi ìlú náà ní wíwó, iná sì ti jó àwọn ẹnubodè rẹ̀. Orí kẹta ìwé rẹ̀ jẹ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá, nítorí pé orúkọ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí àlùfáà tí ó ń mọ odi, ẹ ó rí alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ ó rí ẹni tí ń po òróró olóòórùn dídùn, ẹ ó rí oníṣòwò, ẹ ó sì rí ìjòyè kan tí òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìmọlé kọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń jẹ. Ìwé náà sì sọ nípa púpọ̀ nínú wọn pé apá ibi tí ó kọjú sí ilé tiwọn ni wọ́n tún ṣe. Àṣírí iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹni kọ̀ọ̀kan kò dúró de ọba Páṣíà, kò sì dúró de aládùúgbò rẹ̀. Ó gbé òkúta tí ó wà níwájú ilé rẹ̀, ó sì tò ó padà. Láàárín ọjọ́ 52, odi ti parí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, kí a wá wo bí àwọn bàbá wa ṣe dé orí òkè yìí. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé púpọ̀ nínú wọn wá. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó dé Jẹ́bà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó títí dé Kánò. Láti Sáríà ni wọ́n ti ya ojú irin tóóró kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré sí ti gidi, gba àárín àpáta gun òkè wá sí ilẹ̀ kùsà. Ó dé Bùkúrù ní ọdún 1914. Tánganran ni wọ́n ń wá. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi na owó àti agbára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1927 ni ojú irin ńlá tí ó ti Port Harcourt wá ya ní Kafanchan, tí ó sì wọ Jọ́ọ̀sì. Ojú irin tóóró ti àtijọ́ náà ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1957, kí wọ́n tó pa á tì.

Pẹ̀lú ojú irin ni àkọ̀wé dé, ni télọ̀ dé, ni káfíńtà dé, ni ìyá alásọ àti bàbá oníṣòwò dé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé bí wọ́n ti ń tajà káàkiri òkè Ọya ni wọ́n ń dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn Kátólíìkì, àwọn Áńgílíkà àti àwọn Mùsùlùmí wa náà ṣe tiwọn. Àárín ìlú tí à ń pè ní Terminus títí di òní, òpin ojú irin ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ọjà ńlá tí ó wà níbẹ̀ jóná ní ọdún 2002; ìró ọkọ̀ ojú irin ti di ohun tí àwọn àgbàlagbà ń ròyìn fún ọmọdé; ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò ní ẹnu àwọn awakọ̀. Orúkọ a máa pẹ́ ju ilé lọ. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ mọ́, ó di ìró lásán.

Ẹ̀yin ará, ìlú tí a wà yìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ títọ́jú ohun àtijọ́. Ní ọdún 1928, ní ibi ìwakùsà kan ní abúlé Nok, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná lónìí, wọ́n hú orí ọ̀bọ kékeré kan tí a fi amọ̀ sísun ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀, Dent Young, fi í ránṣẹ́ sí ibi ìkóhunpamọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ìwakùsà ní Jọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1943, wọ́n tún hú orí kan, ti ènìyàn ni èyí, ní ibi ìwakùsà nítòsí Jemáà. Akọ̀wé kan gbé e lọ sí oko rẹ̀, ó sì fi í ṣe orí aṣọ́komásùn láti máa lé ẹyẹ kúrò nínú iṣu. Ó tó ọdún kan tí orí náà fi dúró nínú oòrùn àti òjò, tí ẹyẹ ń bẹ̀rù rẹ̀, tí ènìyàn kò sì bèèrè ohun tí ó jẹ́.

Ọ̀gá ibi ìwakùsà náà ni ó rí i tí ó sì rà á, ó gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì fún ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́, Bernard Fagg. Fagg wò ó, ó rántí orí ọ̀bọ ti ọdún 1928, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe àwọn méjèèjì. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Ó bẹ gbogbo àwọn awakùsà pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú ilẹ̀, kí wọ́n má ṣe jù ú nù, kí wọ́n mú un wá. Wọ́n sì mú un wá. Ó lé ní 150 èyí tí ó kó jọ báyìí. Lónìí, gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn ará Nok ti ń fi amọ̀ ya ènìyàn ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1952 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí Fagg dá sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ayàwòrán ilé kan láti ilẹ̀ Póláǹdì, Zbigniew Dmochowski, ṣètò ọgbà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí a ti kọ́ àwòkọ àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tí odi Kánò àti mọ́sáláṣí Sáríà wà nínú wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ni a máa ń dárúkọ nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, tí ó dúró nígbà tí irin rẹ̀ kan nǹkan líle nínú ẹrẹ̀, tí ó tẹ̀ba tí ó sì nu ún, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dúró, kò bá sí ohun tí ọ̀mọ̀wé yóò rí kà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aṣọ́komásùn inú oko iṣu àti ohun iyebíye inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ju pé ẹnìkan bèèrè pé, "Kí ni èyí?"

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà lọ sí ibi tí ojú irin tí ó gbé àwọn bàbá wa wá ti bẹ̀rẹ̀, kí a wo ilé méjì ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ láàyè. Èkejì ti lọ.

Ti àkọ́kọ́ wà ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà iléeṣẹ́ ojú irin. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, a sì kọ́ ọ ní ọdún 1898, nígbà tí ojú irin kò tíì dé Ìbàdàn pàápàá. Ilé Jaekel ni à ń pè é, nítorí Francis Jaekel, ọ̀gá kan níléeṣẹ́ ojú irin, tí ó wá kọ ìtàn ojú irin Nàìjíríà sínú ìwé ẹlẹ́ka mẹ́ta. Bí iṣẹ́ ojú irin ti ń rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ń rẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé tí kò ní olówó rẹ̀ nítòsí.

Ní ọdún 1995, àwọn ènìyàn kan ní Èkó kó ara wọn jọ láti gbèjà àwọn ilé àti àyíká tí ó ní ìtàn. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Legacy, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí Legacy 1995. Ẹgbẹ́ ìjọba kọ́, ẹgbẹ́ olówó oṣù kọ́; ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró gbágbágbá ti iṣẹ́ náà ni John Godwin, ayàwòrán ilé tí òun àti aya rẹ̀, Gillian Hopwood, ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti ọdún 1954, tí wọ́n sì sọ ara wọn di ọmọ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ náà bá iléeṣẹ́ ojú irin ṣe àdéhùn, wọ́n sì tún Ilé Jaekel ṣe. Láti ọdún 2010 ni ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré, tí àwọn fọ́tò àtijọ́ láti àwọn ọdún 1940 àti 1950 àti àwọn ohun èlò ojú irin tí a kò lò mọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá ti Èkó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè Ọya lè dúró níbẹ̀, kí ó wo irú ohun èlò tí ó darí ọkọ̀ náà.

Ilé kejì wà ní Tinubu Square, ní erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ìhà Bràsíl dé, ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1855, wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn mọlémọlé Àgùdà ti mọ ọ́n ṣe. Ní ọdún 1933, ìdílé Ọláìyá rà á, orúkọ tí ó sì ń jẹ́ lẹ́yìn náà ni Ilojo Bar. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Òfin ti ọdún 1979 tí ó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀ tún dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé tí ó ti dúró fún ọdún 161 di òkìtì bíríkì láàárín ọjọ́ kan. Igbe ta káàkiri lẹ́yìn náà. Ìwé ìròyìn kọ, àwọn ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀, ìjọba bínú. Ṣùgbọ́n igbe kì í gbé bíríkì dìde.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ilé méjèèjì? Kì í ṣe òfin, nítorí pé èyí tí òfin dáàbò bò jù lọ ni ó wó. Kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí pé èyí tí ó dàgbà jù ni a kò fi ọ̀wọ̀ fún. A kò wí pé òfin kò wúlò. Ibi tí kò bá ti sí òfin, ọ̀rọ̀ a tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ń wí ni pé òfin kò ní ojú tí yóò fi máa wo òrùlé tí ń jò, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi dí i. Ilé Jaekel ní àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wá sí ibẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń mú ọmọdé wá wò ó. Èyí tí a kò ń lò, tí a kò ń bẹ̀ wò, orúkọ lásán ni yóò ní nínú ìwé ìjọba títí ọjọ́ tí katakata yóò fi dé.

Ẹ̀yin ará wa Kátólíìkì, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn Àgùdà tí ó kọ́ irú ilé yẹn ni Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní Èkó, ìdí sì nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe ìjọ wa ní ìjọ Àgùdà. Kí àlùfáà tó máa gbé láàárín wọn, ta ni ó tọ́jú ìgbàgbọ́ wọn? Ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni, tí kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn fi ọ̀wọ̀ pè ní Padre Antonio. Ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, ó ń sin òkú wọn. Nígbà tí Fàdá Borghero bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, tí Fàdá Bouche sì wá jókòó síbẹ̀ ní ọdún 1868, wọn kò bá ilẹ̀ òfìfo. Wọ́n bá ìjọ tí ó ti ń gbàdúrà. Ẹnìkan ti tún iwájú ilé tirẹ̀ ṣe kí àwọn mọlémọlé tó dé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sí Tudun Wada. Ilẹ̀ gíga ni Hausa ń pè ní "tudu", ẹni tí ó bá sì wà lórí ilẹ̀ gíga ni ó yẹ kí ó ríran jìnnà. Kí ni a ní níhìn-ín tí ó yẹ kí a tọ́jú? A kò ní ààfin, a kò sì ní ère Nok nínú yàrá wa. Ṣùgbọ́n a ní ilé onípáànù tí bàbá kan fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. A ní ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, tí a fi ọwọ́ kọ ní èdè Yorùbá. A ní fọ́tò ìgbéyàwó tí ó ti ń pọ́n, níbi tí àwọn ènìyàn tò sí iwájú ilé ìjọsìn tí a ti wó. A ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, rìsíìtì ilẹ̀, lẹ́tà tí ìyá kọ láti Ìlá tàbí Ọ̀fà sí ọmọ rẹ̀ ní ìdálẹ̀. Jù lọ, a ní ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé òkú tí ó wà nínú ilé ìjọsìn wa. Láti ìgbà Àpérò Trent, ní ọdún 1563, ni Ìjọ ti pàṣẹ pé kí àlùfáà máa kọ orúkọ àwọn tí a gbé níyàwó àti àwọn tí a rì bọmi sílẹ̀. Òfin Ìjọ tí à ń lò lónìí, ní ẹsẹ̀ 535, sì pàṣẹ pé kí a tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí dáradára. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, orúkọ alágbàṣe àti ti ọ̀gá rẹ̀ jókòó sórí ìlà kan náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí irú ohun wọ̀nyí ṣe ń lọ. Bàbá kan kú. Àwọn ọmọ ti Èkó dé, ti Abuja dé, ti òkè òkun dé. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. A pa màlúù, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a tẹ ìwé ètò ìsìnkú tí fọ́tò rẹ̀ dán. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n palẹ̀ yàrá bàbá mọ́, nítorí ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n. Àpótí onírin kan wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹnìkan ṣí i, ó rí ìwé, ó ní, "Pàǹtí ni gbogbo èyí." A kó o sí ẹ̀yìnkùlé, a fi iná sí i. Nínú iná yẹn ni ìwé àkọsílẹ̀ tí bàbá kọ orúkọ àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe àdúrà ní pálọ̀ rẹ̀ sí wà. Owó tí a fi ra màlúù náà tó tún àpótí náà ṣe ní ọ̀nà ogún. Kò sí ọ̀tá tí ó wá jó ìtàn wa. Àwa fúnra wa ni a ṣáná.

Kí ni kí a ṣe? Ohun tí a fẹ́ dábàá kò gba owó púpọ̀. Èkínní, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì-méjì nínú ìjọ máa lọ jókòó ti àwọn àgbà wa, kí wọ́n bèèrè pé: ọdún wo ni ẹ dé, ọ̀nà wo ni ẹ gbà, ta ni ó gbà yín sílé ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé? Kí wọ́n fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀, nítorí pé àgbà tí ó bá lọ ti lọ nìyẹn. Èkejì, kí a mú fọ́tò àtijọ́ jáde, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú pẹ́ńsù rírọ̀; báírò a máa ba fọ́tò jẹ́. Èkẹta, kí a gbé ìwé kúrò lórí ilẹ̀ níbi tí omi àti ikán ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a má sì ṣe fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí ó bá ya, nítorí pé sẹ́lótéèpù yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Kí a fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán. Èkẹrin, bí ẹ bá ní ilé amọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ má ṣe yára fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ a máa mí, sìmẹ́ńtì kì í mí; omi tí ó bá há sáàárín àwọn méjèèjì ni yóò jẹ ògiri náà láti inú. Amọ̀ ni kí a fi tún amọ̀ ṣe.

Bí ènìyàn márùn-ún bá kó ara wọn jọ láti ṣe èyí, wọ́n ti di ẹgbẹ́. Wọn kò nílò ààrẹ àti igbákejì ààrẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Àwọn ọmọbìnrin wà lórí odi Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, òun ni ó sì wúwo jù. Ìtàn tí a bá ń tọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Ilẹ̀ tí a wá bá níhìn-ín kò ṣófo. Àwọn Berom, àwọn Anaguta àti àwọn Afizere ni wọ́n wà lórí rẹ̀. Ìwakùsà tí ó mú ìṣẹ́ wá fún àwọn bàbá wa gba oko lọ́wọ́ wọn, ó sì fi kòtò àti adágún sílẹ̀ tí ó ń pa ọmọ wọn títí di òní. Ní ọdún 1942, nígbà tí Jàpáàn gba ilẹ̀ Málàyà tí tánganran ti ń wá, ìjọba amúnisìn fi tipátipá kó àwọn àgbẹ̀ wá sí ibi ìwakùsà orí òkè yìí. Títí di ọdún 1944 tí ó fi dópin, àwọn tí a kó wá lé ní 100,000. Àìsàn àti òtútù pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ rántí pé ní ọdún 1943, láàárín ìyà yẹn gan-an, ni a hú orí Jemáà. Bí a bá tọ́jú orí amọ̀ tí a sì gbàgbé orí ènìyàn, ìtọ́jú wa kò pé.

Ní ọdún 2001, ní ọdún 2008, àti ní ọdún 2010, ìjà dé sí ìlú yìí. Ilé ìjọsìn jóná, mọ́sáláṣí jóná, ilé gbígbé jóná, ìwé tí ó wà nínú wọn sì bá wọn lọ. Ìjà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìdí mìíràn ju ìbéèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ dé, ta ni ó ni ín. A bẹ̀ yín ní orúkọ Olúwa: bí ó bá jẹ́ pé torí kí a lè fi na ẹlòmíràn ni a ṣe ń tọ́jú ìtàn, ó sàn kí ikán jẹ ẹ́. A ń tọ́jú rẹ̀ kí a lè rántí ẹni tí ó gbà wá sílé, kí a sì lè mọ bí a ó ṣe gba ẹlòmíràn. Nínú ìwé tí ẹ bá ń kọ, ẹ kọ orúkọ onílẹ̀ tí ó fún bàbá yín ní ibi tí ó kọ́lé sí. Ẹ kọ orúkọ aládùúgbò Hausa tí ó fi yín pamọ́ ní ọjọ́ ìjà, bí irú rẹ̀ bá wà. Ìyẹn náà jẹ́ ara odi.

Nísinsìnyí a lè dá ẹni tí ó bi wá léèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ lóhùn. Ìgbàgbọ́ wa dúró lórí ìrántí. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti inú odò, kí ọmọ wọn lè rí i, kí ó sì bèèrè ìdí rẹ̀. Lórí pẹpẹ, ní gbogbo Míìsà, ohun tí Jésù ní kí a máa ṣe ní ìrántí òun ni à ń ṣe. Ẹni tí kò bá lè rántí oore bàbá tí ó rí, báwo ni yóò ṣe rántí oore Bàbá tí kò rí?

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wo abẹ́ ibùsùn. Ẹ wo orí àjà. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo jáde, kí ẹ nu eruku ara rẹ̀, kí ẹ pe ọmọ yín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ó jẹ́ fún un. Kí Ọlọ́run tí ó mọ orúkọ olúkúlùkù àwọn tí ó ti sùn ní ilẹ̀ àjò yìí fún wọn ní ìsinmi, kí ó sì fi àlàáfíà sí ìlú tí wọ́n sùn sí. Ó dìgbà kan ná. Àmín.